Má fi ogbó sọ àrùn orúnkún lórúkọ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká tú ọ̀rọ̀ àwọn dókítà sí Yorùbá, pé bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni ìrísí eegun ìsàlẹ̀ orúnkún ń yí padà, àti pé ìyípadà yìí àti àrùn orúnkún jọ ń rìn. Ẹ wá dábàá “eegun ẹsẹ̀” fún eegun náà (tibia), àti “aromọléegun ogbó” fún àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní osteoarthritis. Mo fara mọ́ aromọléegun. Ìyókù ni mo fẹ́ bá yín fà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Eegun ẹsẹ̀” fẹ̀ jù, nítorí ẹsẹ̀ wa lè bẹ̀rẹ̀ láti itan títí dé ọmọ ìka. Eegun ojúgun ni. Ta ni kò mọ ojúgun, ibi tí kò lẹ́ran, tí èèyàn á fi gbá àga tí omi á bọ́ lójú rẹ̀?

Ogbó gan-an ló ń dùn mí. Àdúrà ni lẹ́nu wa: ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́. Ẹni tó kúnlẹ̀ kí wa là ń ṣe é fún. Ṣé ogbó yìí náà la ó wá fi pe àrùn tí kì í jẹ́ kí ìyá àgbà lè kúnlẹ̀ mọ́? Bí aláìsàn bá sì ti gbọ́ “ogbó”, á ní kò sóògùn, á padà sílé. Bẹ́ẹ̀, agbábọ́ọ̀lù tó fi orúnkún ṣèṣe lè ní in kó tó pé ogójì ọdún. Ara sísanra náà ń dá kún un.

Aṣọ ló ń gbó, tí kò ní ṣe nǹkan kan sí i. Eegun wà láàyè. Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1892 pé eegun a máa tún ara rẹ̀ mọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó ń gbé. Apá inú orúnkún, èyí tó kọjú sí orúnkún kejì, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù ara. Bí kerekere ibẹ̀, ohun yíyọ̀ tó bo orí eegun nínú oríkèé, bá fẹ́lẹ́, eegun abẹ́ rẹ̀ á le sí i, eegun tuntun á yọ létí rẹ̀ bí ẹ̀gún, orí ojúgun lè rì sápá kan, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀ bí ọrun. Nítorí náà, “títẹ̀” àti “rírì” tẹ́ mi lọ́rùn ju “ìyípadà ìrísí” lọ.

Ẹnì kan lè ní kerekere ló ń bàjẹ́, kí la fẹ́ fi eegun ṣe? Kerekere kì í gbọ́ ìrora, kò ní iṣan tó ń gbé ìrora. Eegun àti awọ inú oríkèé ló ń ro. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní aromọléegun gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n aromọléegun pọ̀ níye, ó yẹ kí èyí ní àpèjá. Mo rò ó sí “ajẹkerekere”, àmọ́ bí a kò bá fàmì sí i, wọ́n á kà á sí àjẹ́. Mo mú “arúnkerekere”. Gbólóhùn mi rèé: “Bí eegun ojúgun ṣe ń tẹ̀ bí a ti ń dàgbà, àti aromọléegun arúnkerekere nínú orúnkún.”