Ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò kúrò lára fọ́séèpù: ohun tí ojú mi rí nídìí ẹ̀rọ ìfọ-irinṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an ni.

Fọ́séèpù kan, irin tí wọ́n fi ń di nǹkan mú nígbà iṣẹ́ abẹ, ló tú àṣírí. Ó ti jáde nínú ẹ̀rọ, ó ń dán gbinrin. Mo là á, mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tín-ín-rín, tó pọ́n bí ìpẹtà, níbi tí apá méjèèjì ti pàdé ní oríkèé. Mo tún un fọ̀. Ó ṣì wà ńbẹ̀. Àyà mi já, torí pé ooru tí a fi ń pa kòkòrò lè má dé abẹ́ ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ inú ara ènìyàn ni fọ́séèpù yẹn ń lọ.

Gbogbo wa di ẹ̀bi ru ọṣẹ. A ní ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń tú ìdọ̀tí ká, kò lágbára. A pààrọ̀ rẹ̀, a tún fi kún ìwọ̀n rẹ̀, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Àgbà obìnrin kan nínú iṣẹ́ wa ló fọwọ́ kan páìpù tó wọnú ẹ̀rọ, ó yáa fà á padà. "Ṣé omi tí ẹ fi ń ṣan ẹ̀jẹ̀ nù nìyí?" Àṣé páìpù omi gbígbóná nìkan ni wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀! Bí omi bá ti kọjá nǹkan bí 45°C, púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì bíi funfun ẹyin, á sì lẹ̀ típẹ́típẹ́. Àwa la ń se ẹ̀jẹ̀ mọ́ irin kí ọṣẹ tó débẹ̀.

A so omi tútù mọ́ ọn fún ṣíṣàn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ ẹlẹ́ńsáìmù nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, fún iye ìṣẹ́jú tí ara ike rẹ̀ sọ: protease á máa gé púrótéènì wẹ́wẹ́, lipase á dojú kọ ọ̀rá. Ooru àpọ̀jù máa ń ba ẹ́ńsáìmù jẹ́, nítorí náà ìparí ni omi gbígbóná 90°C tó ń pa kòkòrò fún ìṣẹ́jú 5 wà. Gbogbo oríkèé la ń là sílẹ̀ báyìí, a kì í to irinṣẹ́ léra mọ́. Fọ́séèpù yẹn gan-an, a ní láti rẹ ẹ́, ká fi búrọ́ọ̀ṣì ha á.

*

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ èyí. Ìfófòó ló dà wá láàmú ní tiwa. Ọṣẹ ẹ̀rọ tán, ẹnì kan bu ọṣẹ ìfọwọ́fọ̀ sí i. Ìfófòó kún inú ẹ̀rọ, omi kò lágbára mọ́, apá tó ń yí fọ́n omi sì dúró gbagidi. Àtúnfọ̀ la fọ gbogbo rẹ̀.

*

Nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mí. Omi oníyọ̀ la máa ń dà sórí irinṣẹ́ kó má baà gbẹ, láìmọ̀ pé iyọ̀ ń jẹ irin. Mo rí àlùmọ́gàjí kan tí ẹnu rẹ̀ ti lu wínníwínní. Aṣọ tí a fi omi lásán rin la ń fi bò wọ́n báyìí, a sì ń gbé wọn lọ kíá.