Báwo ni plague ṣe tètè kárí Yúróòpù láyé ọjọ́un?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Àrùn plague tó jà ní Yúróòpù láàárín 1347 sí 1351, wọ́n ní ó pa tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èèyàn ibẹ̀, àwọn míì ní á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Kò sí báálù, kò sí mọ́tò, báwo ló ṣe wá yára tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n tún ní àwọn lébìrà tó yè é ló padà wá ń rówó gidi gbà, ṣóòótọ́ ni àbí àsọdùn?

Ìyá Aláṣọ Balógun: Àbúrò, ọjà ló gbé e kiri o. Ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò Genoa, ìlú kan ní Ítálì, ló kó o láti ìlú Caffa létí Òkun Dúdú dé Messina, ní Ítálì náà, ní oṣù kẹwàá 1347. Eku wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú ọkà, eégbọn tín-ín-tín wà lára eku, tí eku bá ti kú eégbọn á wá ara èèyàn lọ, ibi tó bá bù jẹ ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé, kó tó pẹ́ kókó á so sábẹ́ abíyá tàbí níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, ibà á dé, ẹlòmíì kì í lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún 1348 ó ti dé Paris, ó ti dé London, ó ti dé Cairo. Èmi tí mo ń gba ẹrù ní Àpápá mọ̀ pé kò síbi tí ẹrù ń lọ tí eku ò lè bá a lọ. Lójú àwọn èèyàn ìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ burúkú ni tàbí ìbínú Ọlọ́run, torí ó di 1894 kí dókítà kan, Alexandre Yersin, tó rí kòkòrò ẹ̀ ní Hong Kong. Àwọn ará Ragusa, ìlú tí wọ́n ń pè ní Dubrovnik lónìí, gbìyànjú o, 1377 ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ti ìlú alárùn bọ̀ á kọ́kọ́ lo 30 ọjọ́ níta.

Tíṣà Yábàá: Màmá, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ owó yẹn kì í ṣàsọdùn. Oko wà, olóko ò rẹ́ni ro ó, lébìrà bá ń dá iye tó fẹ́ gbà. Inú bí àwọn onílẹ̀, Edward III ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 1349, ilé aṣòfin tún kín in lẹ́yìn ní 1351, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbà ju iye tó ń gbà kí àrùn tó dé. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n. Síbẹ̀ àwọn olóko kan ń san lé e lábẹ́lẹ̀. Ìbínú yẹn wà nínú ohun tó bú jáde ní 1381, nígbà tí owó orí mú kí mẹ̀kúnnù ya wọ London.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn Júù. Wọ́n parọ́ mọ́ wọn pé wọ́n da májèlé sí kànga, ní Strasbourg, ìlú tó wà ní ilẹ̀ Faransé lónìí, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ wọn ní oṣù kejì 1349. Bẹ́ẹ̀ Póòpù Clement VI ti sọ ọ́ ní 1348 pé àrùn yìí ń pa àwọn Júù náà! Wọn ò gbọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ má gbàgbé ilé o. Plague yìí kan náà dé Èkó ní 1924, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi jà. Ìjọba amúnisìn wá dá LEDB (Lagos Executive Development Board), àjọ tó ń tún ìlú ṣe, sílẹ̀ ní 1928, wọ́n wó ilé ní àdúgbò Oko Awo, wọ́n sì la ilẹ̀ ní Yábàá fún ilé tuntun. Ó ń ká mi lára gan-an, torí eku ni wọ́n ní àwọn ń lé, ilé mẹ̀kúnnù ló bá a lọ. Ẹni tí bàbá tàbí màmá ẹ̀ àgbà bá gbé Oko Awo nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ fún yín síbí.