Àpèjọ gbogbo ẹbí ní Iléṣà: níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè (Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ òṣómàáló ni bàbá bàbá wa ṣe. Ó ń ta aṣọ ní àwìn láti ìlú dé ìlú, ìdí sì nìyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi wà káàkiri Kánò, Jọ́ọ̀sì, Èkó àti òkè òkun. Ìyàwó mẹ́ta ni ó fẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan ṣoṣo tí ó kù ti lé ní ẹni ọdún 80, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. A fẹ́ pe gbogbo wọn jọ sí Iléṣà ní oṣù Kejìlá, ní àsìkò Ìwúdè, ọdún ìbílẹ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà. Àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ mú aṣọ ẹbí, àwọn mìíràn ní owó ni kí a kọ́kọ́ dá. Kí ni ẹ rí sí i?

Èsì kìíní (Ìyá Àgbà, Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ aṣọ rárá, ẹ̀yin ọmọ mi. Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ. Kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, yan ẹni méjì, àgbà kan tí ó mọ ìtàn àti ọ̀dọ́ kan tí ó lè lo WhatsApp, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sílẹ̀, láti orí ẹni tí ó ti kú títí dé orí ọmọ tuntun. Àwọn tí a sábà máa ń fò ni àwọn ọmọ tí àwọn obìnrin ilé bí sí ilé ọkọ, nítorí pé orúkọ ìdílé mìíràn ni wọ́n ń jẹ́. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo bá rí i. Ẹ mú ìwé náà lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá yín nísinsìnyí, kí wọ́n sọ ìtàn, kí wọ́n ki oríkì, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ má dúró de oṣù Kejìlá.

Èsì kejì (Ará Iléṣà):
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ní ti ọjọ́, Ìwúdè dára, nítorí pé àwọn ọmọ yóò rí bí àwọn ìjòyè ṣe ń júbà Ọwá Obòkun, ọba Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n ilé ìtura máa ń kún nígbà náà, ọyẹ́ a sì máa mú àwọn arúgbó. Ẹ fi àpèjọ tiyín sí ọjọ́ mìíràn nínú ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí iyán sì délẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí owó má ṣe dọ́gba: ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ kò gbọdọ̀ tìtorí owó jókòó sílé.

Èsì kẹta (Olùkọ́ kan):
Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ oríkì tirẹ̀ kí ó tó dé, kí ó lè dìde sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà. Bí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ bá wà nínú ẹbí, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbàdúrà, kí olórí ẹbí sì súre.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ọjọ́ Sátidé ni a ó lọ bá bàbá.