Dúdú wo lẹ fi ń kun èèyàn yín? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Aránṣọ Ìtòkú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí a jọ ń yàwòrán. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde. Aṣọ ni mò ń rán jẹun nítòsí Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Àwòrán ni mo fi ń najú. Lálẹ́, tí mo bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán, tí àwọn ọmọ ti sùn, màá ṣí ibisPaint, áàpù tí a fi ń yàwòrán, lórí fóònù mi. Ìka ni mo fi ń yà á, n kò ní pẹ́ẹ̀nì kankan. Àwọn èèyàn inú orí mi ni mò ń yà: ọmọbìnrin tó ń bá odò sọ̀rọ̀, bàbá ọdẹ tó gbé àkùkọ sí èjìká.

Lọ́dún tó kọjá mo ya ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Aláró ni wọ́n kí wọ́n tó lọ. Mo yà wọ́n níbi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò aró, tí wọ́n ń fa aṣọ jáde. Ojú wọn jọ wọ́n, ọwọ́ wọn jọ wọ́n. Ìgbà tí mo dé ibi àwọ̀ ni mo bà á jẹ́. Mo da àwọ̀ igi kan bo gbogbo ara wọn, mo wá mú dúdú kirikiri fi ṣe òjìji lábẹ́ àgbọ̀n àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, mo fi funfun báláú tọ́ iwájú orí wọn. Mo gbé e fún ìyá mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Adúmáadán ni ìyá mi. Èyí tí o yà yìí dú, kò dán."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Oṣù méjì ni n kò fi fọwọ́ kan àwòrán náà.

Oníbàárà kan ló là mí lójú láìmọ̀. Ó wá ra àdìrẹ, ó ní òun fẹ́ èyí tó dúdú dáadáa. Mo mú un fún un. Bí ó ṣe ń tẹ́ ẹ sínú oòrùn ni mo rí i pé aró ni mò ń wò, kì í ṣe èédú. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé aṣọ tó bá mu aró yó, ó ti dúdú nìyẹn. Ẹ sì mọ bí ó ṣe ń dúdú: aláró kì í rì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń jáde nínú ìkòkò bí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ, á di aró. Wọn á tún rì í, wọn á tún sá a. Mo wá sọ fún ara mi pé bí mo ṣe máa rẹ ara ìyá àgbà nìyí.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. Mo kọ́kọ́ ń wá àwọ̀ ara gan-an, àwọ̀ ilẹ̀ tó ní pupa nínú. Mo máa ń ṣí léyà mìíràn sórí rẹ̀, ìyẹn ìpele àwòrán tó dà bíi bébà tó mọ́ gaara, màá tẹ Clipping kí ọ̀dà má bàa tú kọjá ara, màá sọ léyà yẹn di Multiply, kí àwọ̀ òkè lè mú àwọ̀ ìsàlẹ̀ ṣú sí i. Àwọ̀ tí mo fi ń ṣe òjìji kì í ṣe dúdú mọ́. Elésè àlùkò ni, tàbí aró. Mo ń kùn ún fẹ́lẹ́, màá tún un kùn níbi tó jìn, màá tún un kùn lábẹ́ gèlè. Etí ńkọ́? Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn orí, etí máa ń pọ́n, torí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kò ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Àti dídán yẹn, ọ̀run ló ń dán lára dúdú, nítorí náà lójú oòrùn mo fi àwọ̀ ojú ọ̀run tọ́ iwájú orí àti èjìká, díẹ̀ ṣín-ín-ṣín. Tó bá jẹ́ nídìí iná ni, àwọ̀ ọsàn ni.

Èyí tó kàn ni aṣọ, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí n ti mọ̀ ju gbogbo yín lọ. Mo ya Ìbàdàndùn, ọnà àdìrẹ kan, sọ́tọ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìró wọn, ó dúró gbagidi bíi ẹní. Èmi tí mò ń rán aṣọ! Aṣọ tó bá ká lórí orúnkún, àmì ara rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ká. Ìdajì á wọnú ìkápò, ìdajì á yọ. Mo gé àmì náà sí wẹ́wẹ́, mo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí aṣọ ṣe wó. Alẹ́ mẹ́rin ló gbà mí.

Ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Ifẹ̀:

Àǹtí, ẹ kú àlàyé. Krita lèmi ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ìrírí tèmi jẹ mọ́ ìtẹ̀wé. Mo ya bàbá mi nínú agbádá ẹtù fún ọjọ́ìbí wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, aró ara ẹtù yẹn ń tàn yinrin. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé, ohun tó jáde ṣú, ó dà bíi kí wọ́n ti fọ aṣọ náà nínú ẹrẹ̀, ojú bàbá mi sì ṣe bàìbàì. Ọ̀nà méjì ni mo fi ṣì í ṣe. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti aró ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ṣe é, aró tó ń tàn gan-an sì wà lára ohun tí yíǹkì kò lè mú. Èkejì, àwòrán mi kéré jù. Bébà A4 tí a fẹ́ tẹ̀ ní 300 dpi, ìyẹn ẹ̀kán àwọ̀ 300 nínú íǹṣì kan, ń fẹ́ píksẹ́lì 2480 lọ́nà 3508. Tèmi kò ju 1000 lọ. Bàbá mi gbé e kọ́ ògiri bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti wọlé sí pálọ̀, ibẹ̀ lojú mi ń lọ.

Bàbá Onípélé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. N kò yàwòrán púpọ̀, ọmọọmọ mi ló fi kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ilà ojú. Bàbá mi bu àbàjà, pélé lèmi kọ, mẹ́ta mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo rí i tí ẹ ń fi dúdú fà á sójú àwọn èèyàn yín bí ẹni fi bírò fa ìlà sórí ìwé. Abẹ ni olóòlà fi kọ ọ́, ó jiná, ó jìn wọnú díẹ̀. Ó ní etí kan tí ìmọ́lẹ̀ ń bà, ó ní etí kejì tó bọ́ sí òjìji. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ fọwọ́ kan ti àwọn àgbà yín kí ẹ tó yà á. Inú wọn á dùn.

Aránṣọ Ìtòkú:

Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àbàjà, mo lọ bá wọn lọ́jọ́ Àìkú, mo fọwọ́ kàn án, mo sì nu ti ojú ìyá àgbà nù, mo tún un yà. Ọmọ Ifẹ̀, ẹ ṣeun, mo ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń bọ̀ ní 2480 lọ́nà 3508.

Mo gbé e fún ìyá mi lánàá. Wọn kò tiẹ̀ wo ojú. Èékánná ni wọ́n ń wò, torí mo fi aró sí i dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ní bó ṣe rí nìyẹn, kò fọ̀ títí wọ́n fi kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n ya ìkòkò mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, pé ìyá àwọn kì í rẹ aṣọ nínú ìkòkò kan ṣoṣo.