Ẹ̀bá-pupa, kì í ṣe ìtànṣán ooru

Ẹ̀yin ará,

Wọ́n ti dábàá pé, lédè Yorùbá, kí á máa pe "near-infrared", ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí tí awò-awọ̀nàjíjìn ńláńlá fi ń wo àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà, ní "ìtànṣán ooru". Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Lọ́dún 1800, William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká sí àwọ̀ rẹ̀, ó sì gbé tẹmómítà sí ibi tí àwọ̀ pupa parí sí, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan mọ́, ibẹ̀ ló sì gbóná jù.

Síbẹ̀, orúkọ yìí á ṣini lọ́nà. Ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí à ń wí kò ju nǹkan bíi máíkírónì 0.8 sí 2.5 lọ (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), bẹ́ẹ̀ nítòsí máíkírónì 10 ni ooru ara ènìyàn ti ń tàn jù. Ooru gan-an sì lọ̀tá iṣẹ́ náà. MOSFIRE, irinṣẹ́ tó wà lára awò Keck ní Hawaii, inú àgbá tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ló ń gbé, wọ́n sì ń mú un tutù dé nǹkan bíi 120 Kelvin (ìyẹn −153 lórí ìwọ̀n Celsius). Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, títàn irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ á bo ìmọ́lẹ̀ bíńtín tí wọ́n ń wá. Ṣé ohun tí wọ́n ń lé jáde la ó wá fi sọ ọ́ lórúkọ?

Àbá kejì, "abẹ́-pupa tòsí", tó tú "near-infrared" ní tààrà, ńkọ́? Tòsí ibo? Akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé àwọn ìṣùpọ̀ tó wà nítòsí wa ni wọ́n ń wò. Òdìkejì rẹ̀ ni. Bí àgbáyé ṣe ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ìmọ́lẹ̀ ń nà. Ìmọ́lẹ̀ pupa haidirójìn, tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ máíkírónì 0.656 nígbà tó ń kúrò nílé ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn, á ti nà ní ìlọ́po mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa: máíkírónì 1.97.

Èmi fara mọ́ "ẹ̀bá-pupa", bí a ti ń wí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ̀bá odò. Kí "ẹ̀yìn-pupa" jẹ́ ti gbogbo ìdílé náà ("infrared"), títí dé èyí tó jìnnà sí pupa. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àmì ohùn "ẹ̀bá" o, kó má di ẹ̀bà tí à ń jẹ.) Ẹnì kan lè wí pé àwọ̀ ọsàn náà wà lẹ́bàá pupa. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn ti lórúkọ tirẹ̀.

Ní ti orúkọ tí a ó pe irú irinṣẹ́ náà ("spectrograph"), "ayàwòrán" kò tó. MOSFIRE ń ya àwòrán lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó tú ìmọ́lẹ̀ nǹkan ojú ọ̀run bíi 46 ká sí ìgbì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Atúmọ̀ọ́lẹ̀" tí wọ́n mú wá dà bí atúmọ̀ èdè létí mi. "Atú-ìmọ́lẹ̀-ká" gùn díẹ̀, òun ni mo máa kọ ní tèmi.