Ọkọ mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo la máa fi wa ọkọ̀ yí Big Island po ní Hawaii. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìyá Káyọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà nínú ilé. Oṣù kọkànlá là ń lọ sí Hawaii, erékùṣù tó tóbi jù níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Island. Alẹ́ méje la máa lò. Àwa mẹ́rin ni: èmi, ọkọ mi, Káyọ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 71. Màmá ní àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ insulin ni wọ́n sì ń gbà. Aago kan ọ̀sán àti aago méje alẹ́ ni wọ́n ń jẹun. Bí oúnjẹ bá pẹ́ díẹ̀, ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọkọ mi ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì ní Kona, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, fún alẹ́ méjèèje. Ó ní òun ò lè máa kó ẹrù kiri bí alárìnkiri. Ó wo máàpù, ó ní ọ̀nà tó yí erékùṣù náà po lé díẹ̀ ní 200 máìlì, pé tí a bá jáde ní aago méje àárọ̀, a ó ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ètò tó kọ sínú fóònù rẹ̀ fún Ọjọ́rú rèé: etíkun oníyanrìn dúdú ní Punaluʻu, ọgbà òkè oníná, ìlú Hilo, Akaka Falls (omi tó ń já bọ́ láti òkè), àfonífojì Waipiʻo, ká wá gba àríwá padà sí Kona. Ní ti oúnjẹ, gbogbo ohun tó kọ ni "a ó rí nǹkan jẹ lọ́nà."

"Nǹkan" yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ọdẹ

Ó ṣeé ṣe dáadáa, àǹtí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ṣe é lọ́dún 2017. Aago mẹ́fà àárọ̀ la jáde, aago mọ́kànlá alẹ́ la wọlé. A tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ Waipiʻo. Ẹ ra bísíkíìtì àti omi sínú ọkọ̀, ẹ máa lọ.

Bàbá Kúlà

Ọmọ Ọdẹ, nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́ta yẹn, èwo ló jẹ́ ẹni ọdún 71? Wákàtí mẹ́tàdínlógún lo kà yẹn o.

Ìyá Káyọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti háyà ọkọ̀ ní erékùṣù yẹn, ètò ọkọ yín gan-an ni mo sì lò nígbà àkọ́kọ́. A gba gúúsù kúrò ní Kona. Ọ̀nà yẹn dára, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàrin oko kọfí, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa sáré níbẹ̀. Mo dúró ya fọ́tò, ìyàwó mi dúró ra kọfí, a tún yà sí Ka Lae, ibi tó wà ní gúúsù jù lọ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ 50 Amẹ́ríkà. Kí a tó dé ọgbà òkè oníná, aago mẹ́rin ti fẹ́ lù. Kọfí àti ọ̀dùnkún díndín inú ọ̀rá nìkan ló wà níkùn wa.

Ni mo bá rí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Chain of Craters Road. Máìlì 19 ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè títí dé etí òkun. Ìyàwó mi ní ká kọ́kọ́ jẹun. Mo ní ká lọ kíá ká bọ̀ kíá. Kò sí ilé epo níbẹ̀, kò sí ilé oúnjẹ, àpáta dúdú tó ti inú òkè ṣàn wá tó sì dì ló tẹ́ rẹrẹ lọ́tùn-ún lósì. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Ní ìsàlẹ̀, òkun ti gbẹ́ àpáta títí ó fi ṣe ihò ńlá bí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ṣùgbọ́n kí a tó gùn ún padà, ilẹ̀ ti ṣú, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ilé oúnjẹ kan tí a sáré wọ̀ ní àwọn ti pa iná ìdáná. Aago mẹ́wàá alẹ́, nínú ilé epo, la jẹ búrẹ́dì tí wọ́n ki sọ́séèjì bọ̀, tó ti gan. Láti ibẹ̀ dé Kona, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ìyàwó mi bá mi sọ: "Wo iwájú ẹ."

Nígbà tí a padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, kúlà ni mo kọ́kọ́ rà, kí n tó ra ohunkóhun mìíràn. Bí mo ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Máìlì kò lè pa yín lára níbẹ̀. Ebi àti òkùnkùn ni kí ẹ sá fún. Ní oṣù kọkànlá, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, iná ojú títì ò sì pọ̀ ní ọ̀nà gúúsù yẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí aago oúnjẹ Màmá ṣètò ìrìn yín. Bí wọ́n bá ní aago kan, ẹ ti mọ ibi tí ẹ óò jókòó sí ní aago kan kí ẹ tó kúrò nílé.

Bó bá jẹ́ èmi, màá fi ẹrù ńlá sílẹ̀ ní Kona, màá mú báàgì kékeré kan, màá sì lọ sun alẹ́ méjì ní òdì kejì. Ẹ bẹ òtẹ́ẹ̀lì yín wò bóyá wọ́n á dá owó alẹ́ méjì yẹn padà. Bí wọn ò bá dá a padà, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ẹ gbéra ní Mọ́ńdè ní aago mẹ́jọ. Ẹ dúró ní Nāʻālehu, ilé búrẹ́dì tó wà ní gúúsù jù lọ ní Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Punaluʻu Bake Shop, ẹ ra malasada gbígbóná. Etíkun Punaluʻu kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Yanrìn ibẹ̀ dúdú bí èédú, àwọn ìjàpá òkun sì máa ń gun etíkun wá yáàrùn. Ẹ kìlọ̀ fún Káyọ̀ o: kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, kí ó jìnnà sí wọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ó kéré tán. Tábìlì wà níbẹ̀ tí ẹ lè jókòó sí. Ẹ ṣí kúlà. Aago kan lù, Màmá ń jẹun, wọ́n ń wo òkun. Kí ni èèyàn tún ń wá?

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kù díẹ̀ péré kí ẹ dé ọgbà òkè oníná. 30 dọ́là ni fún ọkọ̀ kan, ẹ sì lè fi ìwé náà wọlé fún ọjọ́ méje, ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ sá wọlé sá jáde. Ibẹ̀ ga ní nǹkan bí 4,000 ẹsẹ̀ bàtà, òtútù ń mú, ẹ mú súwẹ́tà. Ẹ ti gba àyè sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní abúlé Volcano fún aago méje alẹ́, ẹ má dúró di ọjọ́ náà, wọn ò pọ̀. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ padà sí etí kòtò Kīlauea, òkè oníná inú ọgbà náà. Tọ̀sán-tòru ni ọgbà náà ń ṣí. Láti oṣù kejìlá ọdún 2024 ni òkè yẹn ti ń tú iná, á tú, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ojú-ìwé USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkè oníná, láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ.

Túsìdeé, ẹ lọ sí Nāhuku láàárọ̀ kùtù kí èrò tó dé. Ihò gígùn tí àpáta yíyọ́ gbà kọjá nígbà kan rí ni, èèyàn ń rìn nínú rẹ̀. Chain of Craters ló kàn, pẹ̀lú epo kíkún àti kúlà kíkún, kí ẹ tó lọ sùn ní Hilo. Ọjọ́rú, ọjà Hilo, Akaka Falls, kí ẹ gba àríwá padà sí Kona.

Ọmọ Ọdẹ, láti oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n ti ti ọ̀nà ìsàlẹ̀ Waipiʻo mọ́ àwọn àlejò. Òkè ni wọ́n ti ń wò ó báyìí.

Sísí Oníṣasùn

Bàbá Kúlà, ẹ kú ọgbọ́n, ṣùgbọ́n malasada lẹ fẹ́ fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ? Ìyẹ̀fun tí wọ́n dín nínú epo tí wọ́n wá yí nínú ṣúgà! Káyọ̀ àti bàbá rẹ̀ ni kó jẹ ìyẹn.

Ìyá Káyọ̀, oúnjẹ ọ̀sán tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni plate lunch: ìrẹsì ṣíbí ńlá méjì, makaróònì tí wọ́n po mọ́ mayonéèsì, àti ẹran tàbí ẹja. Ẹ ní kí wọ́n bá yín yọ ìrẹsì kan àti makaróònì náà, kí wọ́n fi ewébẹ̀ dípò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í janpata. Loco moco ń kọ́, Hilo ni wọ́n ti bí i: ìrẹsì, ẹran lílọ̀ díndín lórí rẹ̀, ẹyin lórí ẹran, ọbẹ̀ ki lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ fún Màmá kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí ẹ gba abọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo rò pé Màmá máa fẹ́ràn ni laulau. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹja, wọ́n á fi ewé kókò wé e, wọ́n á sì fi ooru sè é títí á fi rọ̀. Kókò yẹn náà ni wọ́n ń sè tí wọ́n ń gún tí wọ́n ń pè ní poi. Kò ki tó bí ẹ ṣe rò, tó bá sì ti lo ọjọ́ méjì mẹ́ta, á kan. Ìyá tèmi tọ́ ọ wò, wọ́n ní ẹni tó gún un kò lágbára. Poke ni tèmi o, ẹja tútù tí wọn ò sè rárá, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fi epo yànmọ̀tí pò ó. Ẹ rà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á.

Ọjọ́rú àti Sátidé ni ọjà Hilo máa ń kún jù. Ẹ ra ìbẹ́pẹ àti píà, kí ẹ kó wọn sí kúlà Bàbá.

Ìyá Káyọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ọkọ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé ibi "Wo iwájú ẹ", ó wá dákẹ́. Ó ti gbà, ṣùgbọ́n alẹ́ kan ṣoṣo ló gbà, kì í ṣe méjì. Ó sì ti fi nǹkan mìíràn kún un: ó fẹ́ gbé gbogbo wa gun òkè Mauna Kea lálẹ́ lọ wo ìràwọ̀.

Bàbá Kúlà

Alẹ́ kan náà dáa. Ẹ gbéra ní Túsìdeé, ẹ sùn ní abúlé Volcano. Ẹ fi Chain of Craters àti Waipiʻo sílẹ̀, ẹ gba Saddle Road padà láti Hilo sí Kona. Àárín Mauna Kea àti Mauna Loa ló gbà kọjá. Lọ́dún 2022, Mauna Loa, òkè oníná ni òun náà, tú, àpáta yíyọ́ náà sì ṣàn títí ó fi kù díẹ̀ kó dé orí títì yẹn. Kò sí ilé epo lójú ọ̀nà náà o.

Mauna Kea, rárá fún gbogbo yín. Orí rẹ̀ ga ní 13,796 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ń gbani nímọ̀ràn pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 má kọjá ibùdó àlejò tó wà ní 9,200, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nìkan ló sì lè gun òkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùdó yẹn náà tó fún ìràwọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà Màmá ná bóyá wọ́n lè gun ibẹ̀. Wọ́n á ti jẹun aago méje tán kí ẹ tó gùn ún.

Abẹ́rẹ́ Màmá: inú kúlà ni kó wà, ṣùgbọ́n kó má kan yìnyín, ó lè dì kó bàjẹ́. Ẹ fi tówẹ̀lì wé e.

Ìyá Káyọ̀

Ọkọ mi ní kí n béèrè: kúlà yín, ṣé ó ní táyà?

Bàbá Kúlà

Ó ní méjì. Ọ̀kan ti já.