Ọyẹ́ Àbújá ti mú màmá mi, ínhélà ò ràn wọ́n

Ìyá Ìbejì, Kúbwà: Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ gbà mí o! Màmá mi wá láti Òṣogbo, ọyẹ́ sì ti gbé ásímà wọn dìde. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ínhélà búlúù, àyà wọn ṣì ń súfèé, ọwọ́ wọn wá ń gbọ̀n. Ṣé oògùn ló pọ̀ jù ni? Ṣé kí n fi ti búráwùn, ti ìdènà ojoojúmọ́, kún un?

Nọ́ọ̀sì Sábó, Kánò: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Bí wọn ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, tàbí tí ètè wọn ń dúdú, ilé ìwòsàn yá! Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń já, iṣẹ́ salbutamol, oògùn inú ínhélà búlúù, ni.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ń sọ ọ́ parí, àmọ́ wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Bọ̀dá Jos: Kí ẹnikẹ́ni má fún wọn ní propranolol, oògùn tó ń dá ọwọ́ gbígbọ̀n àti àyà jíjá dúró, torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n o. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi ni mo gbé e fún alásímà kan. Kò pẹ́ tí èémí ẹ̀ fi há. Díẹ̀ ló kù.

Àǹtí Wúsé: Dókítà ló kọ ọ́, kí ló kàn yín?

Bọ̀dá Jos: Ọwọ́ mi ló gbé e, mi ò sì bi í bóyá ó ní ásímà. Ó kàn mí.

Nọ́ọ̀sì Sábó: Ó kàn wọ́n. Lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, ọ̀nà ọ̀fun ló kù. Ìyá Ìbejì, orí ahọ́n ni ọ̀pọ̀ màmá ń fín in sí. Ẹ mú ike omi kékeré, ẹ gé ihò sí ìdí ẹ̀ kí ẹnu ínhélà wọ̀ ọ́ pinpin. Ẹ mi ínhélà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi ọrùn ike mí wọlé mí jáde lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ tó tún un tẹ̀.

Àǹtí Wúsé: Ike omi kẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Sábó: Wọ́n dán an wò fún àwọn ọmọdé ní South Africa, àbájáde ẹ̀ jáde ní 1999. Ó ṣe bíi ike ínhélà tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ti búráwùn, ẹni tó bá fà á, kó yọ ẹnu, kí efu má hù síbẹ̀. Ọyẹ́ Àbújá kọ́ ni wàhálà ṣá. Ẹ wá wo eruku Kánò!

Bọ̀dá Jos: Eruku nìkan lẹ ní. Jos ló ni òtútù, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo fi ń sùn.

Àǹtí Wúsé: Ìbàdàn ń sọ mí o. Ẹ̀kọ gbígbóná nínú ewé, kí òjò máa rọ̀ lórí páànù.

Ìyá Ìbejì: A ti gé ike. Màmá ti mí lẹ́ẹ̀márùn-ún, wọ́n tún ń mí. Wọ́n ní ìgbà wo ni mọ́tò Òṣogbo ń gbéra.